Béèsì Àlòkù: Bí Ẹ Ṣe Lè Rà Á, Tún Un Ṣe, Kí Ẹ sì Tà Á

Gìtá béèsì àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà dúdú bíi kóró iṣin, ó sì ń dán. Ohùn rẹ̀ kún inú yàrá. Inú mi dùn débi pé n kò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì kí n tó sanwó. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó rí i pé ọrùn rẹ̀ ti lọ́, bíi pákó tí òjò pa tí oòrùn tún pa. Oníṣẹ́ mẹ́ta ni mo gbé e lọ bá, ohun kan náà ni wọ́n sọ: ọrùn tuntun ló kù, owó ọrùn tuntun sì ju iye tí mo ra gbogbo béèsì náà lọ.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ń ra béèsì títí di òní. Pickup (mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ohùn okùn), nọ́ọ̀bù, jáàkì (ihò tí wáyà ń wọ̀), bridge (irin tó di ìdí okùn mú lára béèsì), kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fa okùn: gbogbo wọn ni a lè pààrọ̀ pẹ̀lú sikúrúdíráfà àti ayọ́ tí a fi ń jó wáyà. Ọrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó gbọ́ ohùn, kí ẹ tó wo àwọ̀.

Kí ẹ tó lọ wò ó

Ẹ mọ gígùn tó bá yín lára mu. Gígùn okùn láti nut (ègé kékeré tí okùn gbé lé ní òkè ọrùn) dé bridge jẹ́ íǹṣì 34, ìyẹn mìlímítà 864, lára Precision Bass tí Leo Fender gbé jáde ní 1951, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń lò. Oníǹṣì 30 wà fún ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú tàbí tí èjìká máa ń dun, ohùn rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ju ti gígùn lọ. Bí olókùn márùn-ún lẹ fẹ́, ẹ fi etí sí okùn B dáadáa. Ó ń gbọ̀n bí ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí okùn E ń gbọ̀n bí 41. Lára béèsì tí wọn kò ṣe dáadáa, okùn B á kàn máa rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ kò ní mọ ohùn tó ń mú jáde. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ṣe olókùn márùn-ún ní íǹṣì 35.

Ẹ mú tuner dání, ohun tó ń sọ bóyá ohùn okùn pé (ti orí fóònù tó), rúlà onímìlímítà, tọ́ọ̀ṣì kékeré, Allen key oríṣiríṣi, àti wáyà tiyín tí ẹ fi ń so gìtá mọ́ áńpù, tó dá yín lójú. Ẹ má lo wáyà ẹni tó ń tà á. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn dá pickup tó dára lẹ́bi nítorí wáyà tó ti já nínú.

Ọrùn

Ẹ di béèsì mú bí káfíńtà ṣe ń di pákó mú nígbà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gún. Ẹ gbé orí rẹ̀ sí iwájú ojú, ẹ di ojú kan, kí ẹ wo etí ọrùn lápá òsì títí dé ara, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ti apá ọ̀tún. Bí etí méjèèjì bá jọ ń rìn pọ̀, ó dára. Bí ọ̀kan bá ń lọ sókè tí èkejì ń lọ sílẹ̀, ọrùn ti lọ́ nìyẹn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa lọ. Àléébù kan ṣoṣo tí n kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí nìyí.

Títẹ̀ yàtọ̀ sí lílọ́. Ọrùn tó dára kì í gún bíi rúlà. Ó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí okùn lè ráyè gbọ̀n. Ẹ tẹ okùn E mọ́ frẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní (frẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn), kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ frẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Okùn náà ti di rúlà yín. Ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní frẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ. Nǹkan bíi mìlímítà 0.3 ló yẹ kó jẹ́, bí ìnípọn káàdì tí àwọn oníṣòwò máa ń fún ènìyàn. Bí okùn bá sùn lé gbogbo frẹ́ẹ̀tì láìsí àlàfo, ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Bí àlàfo bá tó mìlímítà kan, ó ti tẹ̀ síwájú jù. Ọ̀pá irin inú ọrùn, tí a ń pè ní truss rod, lè tún méjèèjì ṣe, bí ọ̀pá náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni béèsì kí ẹ yí ọ̀pá náà díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún, pẹ̀lú Allen key tó wọ̀ ọ́ pẹ́kípẹ́kí. Bí kò bá fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ní kó fúnra rẹ̀ yí i lójú yín. Ọ̀pá tó bá ti dì pátápátá, tí ihò rẹ̀ ti jẹ, tàbí tí wọ́n ti fún dé òpin tí ọrùn ṣì tẹ̀ síwájú, kò ní ohun tó lè ṣe fún yín mọ́. Lára àwọn Fender àtijọ́, ìdí ọrùn ni ibi tí a ti ń yí i wà, ó sì sábà máa ń gba pé kí a tú ọrùn kúrò lára kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Fún irú èyí, wíwò àlàfo nìkan ni ẹ ó fi ṣèdájọ́.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn orí gìtá, níbi tí orí ti pàdé ọrùn. Béèsì tí orí rẹ̀ dà sẹ́yìn, tí wọ́n fi igi mahogany ṣe, máa ń sán níbẹ̀ bó bá ti ṣubú rí. Ìlà tín-ín-rín tó gba inú ọ̀dà kọjá ni ẹ ń wá. Èyí tí wọ́n ti lẹ̀ dáadáa lè lò títí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ ta gbogbo ohùn tó wà lórí ọrùn. Gbogbo frẹ́ẹ̀tì, gbogbo okùn, láìsí áńpù. Ó ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú máa ń ti àwọn ènìyàn láti ṣe é níwájú ẹni tó ń tajà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Bí okùn bá ń gbọ̀n lára irin ní ibi kan ṣoṣo, frẹ́ẹ̀tì kan ti yọ sókè, àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí ó bá jẹ́ láti frẹ́ẹ̀tì ìkejìlá lọ sí ìhà ara béèsì ni, ó ṣeé ṣe kí òpin ọrùn ti gbé sókè. Iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ owó nìyẹn. Ẹ tún fetí sí okùn G láàrin frẹ́ẹ̀tì karùn-ún sí ìkeje. Lára ọ̀pọ̀ béèsì tí wọ́n fi síkúrù de ọrùn mọ́ ara, ohùn kan wà níbẹ̀ tí kì í pẹ́ kú. Kì í ṣe àbùkù tí a lè tún ṣe, inú igi ló wà. Bí ó bá ń bí yín nínú lónìí, yóò bí yín nínú lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ẹ so béèsì kọ́ èjìká pẹ̀lú ìgbànú rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ ọwọ́ òsì tí orí gìtá sì ń wọ́ lọ sílẹ̀, ọwọ́ yín ni yóò máa gbé e ró ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ta á.

Iná àti ohùn

Ẹ wá so ó mọ́ áńpù. Nọ́ọ̀bù tó bá ń dún ṣáṣáṣá nígbà tí ẹ ń yí i kò tó nǹkan tó ń dẹ́rù bani, eruku ni. Jáàkì tí ohùn ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ náà rọrùn. Ẹ lè fi wọ́n bá ẹni tó ń tà á dúnàádúrà kí owó wálẹ̀, kí ẹ sì tún wọn ṣe nílé.

Bí béèsì bá ń kùn, ẹ fọwọ́ kan okùn. Bí kíkùn náà bá rọlẹ̀, wáyà tó so bridge mọ́ ilẹ̀ iná (earth) wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá yí padà rárá, bóyá wáyà náà ti já. Ẹ má sì dá Jazz Bass, béèsì Fender tó ní pickup méjì, lẹ́bi pé ó ń kùn nígbà tí ẹ bá ti pickup kan pa: bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ìgbà tí pickup méjèèjì bá jọ ṣí dọ́gba ni kíkùn náà máa ń pa ara rẹ̀. Pickup onídajì méjì tí Precision Bass ń lò láti 1957 kò ní ìṣòro yẹn.

Àṣírí kan rèé tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí béèsì kò bá lo bátìrì, ẹ kò nílò kí ẹ tú u kí ẹ tó mọ bóyá pickup rẹ̀ yè. Ẹ ki wáyà bọ inú rẹ̀, ẹ ṣí fọ́líùmù dé òpin, ẹ gbé mítà iná sí ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan orí wáyà lódì kejì, kí èkejì kan ìdí rẹ̀. Pickup Jazz Bass sábà máa ń fi nǹkan bíi kilo-ohm 7 sí 8 hàn, ti Precision bíi 10 sí 11. Ó lè dín díẹ̀ nítorí àwọn pot tó wà láàrin, ìyẹn ẹ̀yà iná tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀bù. Fún Jazz, ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ ti èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì ni ẹ ó rí. Bí iye tí mítà fi hàn bá ga fíìfíì ju ìwọ̀nyí lọ, tí jáàkì sì dára, wáyà inú pickup ti já nìyẹn.

Fún èyí tó ń lo bátìrì, irú èyí tí StingRay ti Music Man mú kó gbajúmọ̀ láti 1976, ẹ ṣí ibi bátìrì. Bí omi bátìrì bá ti dà síbẹ̀ tí irin ti di àwọ̀ ewé, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ọdún mélòó ni béèsì ti wà láìlò.

Ṣé ohun tí wọ́n pè é náà ni?

Orúkọ tó wà lórí gìtá kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nọ́ńbà béèsì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọrùn àti ara lè wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí owó bá pọ̀, ẹ ní kí wọ́n tú àwo iwájú kí ẹ wo ẹ̀yìn pot. Lára ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ Amẹ́ríkà àtijọ́, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀: 137 jẹ́ ti ilé iṣẹ́ CTS, 304 jẹ́ ti Stackpole, ọdún àti ọ̀sẹ̀ sì tẹ̀ lé e. 1377633 túmọ̀ sí CTS, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n ní 1976. Béèsì kò lè dàgbà ju pot tí wọ́n fi ṣe é lọ, àfi bí ẹnìkan bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó wáyà mọ́ra. Èyí tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti ṣú ń sọ fún yín pé ọwọ́ tuntun ti dé ibẹ̀. Béèsì àtijọ́ tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà mìíràn kò ní iye kan náà mọ́ lójú àwọn tó ń kó o jọ, bó ti wù kí ọ̀dà náà dára tó. Fún ẹni tó kàn fẹ́ máa fi ṣe orin, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí áńpù

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Sípíkà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohm 8, bí a bá so wọ́n pọ̀ lọ́nà tó wọ́pọ̀, wọ́n di ohm 4. Bí áńpù bá ní òun kò gba ohun tó bá kéré sí ohm 8, ẹ má fi ohm 4 sí i. Wáyà sípíkà ni kí ẹ lò láàrin áńpù àti sípíkà, kì í ṣe wáyà gìtá, bí ẹnu wọn tilẹ̀ jọra. Áńpù onígílóòbù (tube) kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà lára rẹ̀, nítorí ó lè jó. Ẹ má sì tú inú rẹ̀, kódà bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná tó kù sínú kapásítọ̀ rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè pa ènìyàn. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ẹ gbé e fún.

Títò ó nígbà tó bá délé

Ọ̀pọ̀ béèsì tí ènìyàn ń tà ní owó pọ́ọ́kú kò ní àìsàn kankan ju pé ẹnikẹ́ni kò tò ó rí. Ìtẹ̀léra ṣe pàtàkì, nítorí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń yí èyí tó tẹ̀ lé e padà.

Okùn tuntun ló ṣáájú, ní ìwọ̀n tí ẹ ó máa lò. Ẹ tẹ okùn ní igun kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gé e láìtẹ̀ ẹ́, irin tó wé mọ́ inú rẹ̀ lè tú, ohùn rẹ̀ á sì kú. Ẹ fà wọ́n dé E, A, D, G, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Lẹ́yìn náà ni ọrùn. Yíyí ọ̀pá sí apá ọ̀tún ń mú un le, ó sì ń fa ọrùn sẹ́yìn; yíyí sí apá òsì ń dẹ̀ ẹ́, okùn á sì fà á síwájú. Ìdámẹ́rin ìyípo ni kí ẹ má kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún okùn fà dé ohùn rẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ tún wọn àlàfo. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: igi ń gba àkókò, nígbà mìíràn di ọjọ́ kejì, kó tó gbà. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo igi tàbí tí agbára bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, ẹ dúró.

Gíga okùn ló kàn. Ní frẹ́ẹ̀tì kẹtàdínlógún, láti orí frẹ́ẹ̀tì dé ìsàlẹ̀ okùn, nǹkan bíi mìlímítà 2.4 fún okùn E àti 2 fún okùn G ni ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi agbára ta á yóò nílò kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ọ̀pá inú ọrùn dín gíga okùn kù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn, òun ló sì ń ba ọ̀pá jẹ́.

Ẹ wá yẹ òtítọ́ ohùn wò. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ ní òkè frẹ́ẹ̀tì ìkejìlá kí ohùn tó dà bí agogo dún, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ frẹ́ẹ̀tì náà. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga ju agogo lọ, ẹ fa saddle (irin kékeré tí okùn gbé lé lórí bridge) sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bí ó bá rẹlẹ̀, ẹ tì í síwájú. Pickup ló kẹ́yìn: ẹ tẹ okùn mọ́ frẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn, kí ẹ fi àlàfo bíi mìlímítà 2.5 sílẹ̀. Pickup tó bá sún mọ́ okùn jù máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fa okùn, ohùn á sì máa yí.

Àtúnṣe tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe

Fún nọ́ọ̀bù tó ń dún, ẹ fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú iná (contact cleaner) sínú ihò kékeré tó wà lára pot, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ ní ogún ìgbà. Epo rọ́bì lásán kò ní ṣe é.

Jáàkì tó ń mì: ẹ má kàn fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ láti ìta. Inú jáàkì á bá a yí, wáyà á sì já. Ẹ tú u síta, ẹ di inú rẹ̀ mú, kí ẹ tó fún un.

Bí ihò síkúrù bá ti fẹ̀ tí síkúrù kò di nǹkan mú mọ́, pàápàá ti ìgbànú, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi gọ́ọ̀mù igi kùn kún ihò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, ẹ gé e dọ́gba, kí ẹ tún ihò tín-ín-rín lu kí síkúrù tó wọlé. Síkúrù tó tóbi jù lè la igi.

Bí ẹ bá ń jó wáyà, irin ni kí ẹ mú gbóná, kì í ṣe òjé. Òjé á yọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kan irin gbígbóná. Ẹ fi aṣọ bo ara béèsì, nítorí ìkán òjé kan ṣoṣo tó bọ́ sórí ọ̀dà kò ní kúrò mọ́.

Yíyí i padà sí tiyín

Kí ẹ tó ra pickup tuntun, ẹ pààrọ̀ okùn. Okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní flatwound yàtọ̀ sí roundwound tí ojú rẹ̀ kò dán débi pé béèsì kan náà á dà bí òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi bébà idẹ bo inú ihò pickup àti ti nọ́ọ̀bù, kí gbogbo rẹ̀ fara kan ara wọn kó sì so mọ́ ilẹ̀. Ó ń dín ariwo kù, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Kapásítọ̀ tó wà lára tone, nọ́ọ̀bù tó ń dín ohùn tó mú kù, náà kéré lówó: 0.047 microfarad ló wọ́pọ̀ lára béèsì, èyí tó bá kéré sí i á jẹ́ kí ohùn mọ́lẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti tone pa.

Bí pickup ló kàn, ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó sanwó. Lára Jazz Bass, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bridge sábà gùn díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ, àwọn ènìyàn púpọ̀ sì ti ra méjì tí ó dọ́gba tí ọ̀kan kò sì wọ̀. Òfin mi ni pé ohunkóhun tó bá gba kí n gbẹ́ igi, n kò ní ṣe é lára béèsì tó níye lórí. Yíyọ gbogbo frẹ́ẹ̀tì kúrò kí béèsì di aláìnífrẹ́ẹ̀tì wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; ọrùn kejì ni kí ẹ rà fún un. Gbogbo ohun tí ẹ bá tú, ẹ kó o sínú àpò, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, títí dé orí síkúrù.

Títà

Àpò yẹn ni owó yín. Pickup olówó ńlá tí ẹ fi sí béèsì olówó kékeré kì í dá owó rẹ̀ padà nígbà tí ẹ bá tà á. Ẹ dá béèsì padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ ta pickup náà lọ́tọ̀.

Láti mọ iye tí ẹ ó pè é, iye tí àwọn ènìyàn ti san fún irú rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí àwọn tó ń tà ń béèrè. Ẹ ya fọ́tò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán: iwájú, ẹ̀yìn, nọ́ńbà, ọrùn láti ẹ̀gbẹ́, frẹ́ẹ̀tì ní ìtòsí, àti gbogbo ibi tó ti họ tàbí tó ti sán. Ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ ní kílò, nítorí wọn á bèèrè. Ẹ kọ àléébù rẹ̀ ṣáájú iyì rẹ̀. Mo rántí bí inú mi ṣe bàjẹ́ lórí béèsì dúdú yẹn. N kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí mi bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnìkan bá san ju iye tí ẹ pè lọ tó sì ní kí ẹ fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, olè ni. Kí owó wọlé pátápátá kí béèsì tó jáde.

Bí yóò bá kọjá ẹnubodè, ẹ mọ igi tí wọ́n fi ṣe é. Rosewood ti Brazil, Dalbergia nigra, ti wà lábẹ́ òfin tó le jù lọ nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó wà nínú ewu, láti 1992, ó sì ń béèrè ìwé àṣẹ. Àwọn rosewood yòókù wọ inú àkójọ kejì ní January 2017, ṣùgbọ́n láti November 2019 ni wọ́n ti yọ ohun èlò orin tí a ti ṣe parí kúrò nínú ìdè yẹn.

Ní ti dídì, ẹ dẹ okùn díẹ̀, ẹ má tú wọn pátápátá. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ ọrùn àti yí orí gìtá ká kó má lè mì nínú àpótí rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìgbànú kúrò. Àpótí gìtá wọ inú páálí tó tóbi jù ú lọ, bébà rúrún kún ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ gbé páálí náà sókè kí ẹ mì í. Bí ẹ bá gbọ́ pé nǹkan kan ń yí nínú rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ tún un dì.